Sí Ẹ̀yin Ọmọ Rìwáyà Àkúrẹ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Búùtù Tó Ń Dá Ṣí

Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀mù láàárín wa ti ń gba iṣẹ́ ọkọ̀ oníná, inú mi sì dùn sí i gan-an. Ọkọ̀ náà kò tíì pọ̀ ní Àkúrẹ́, àmọ́ ẹni tó bá ń gba Alágbàkà tàbí Ìjàpọ̀ kọjá á máa rí i: Model 3 ti Tesla tí wọ́n ti lò lókè òkun kó tó wọlé, Leaf ti Nissan níhìn-ín, Leaf lọ́hùn-ún. Àwọn tó ni wọ́n ti ń béèrè pé kí a yọ ṣọ́ọ̀kì onígáàsì tó gbé búùtù dúró, kí a fi oníná rọ́pò rẹ̀, kí búùtù máa dá ṣí, kó máa dá padé. Iṣẹ́ tó lérè ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé àṣìṣe kan náà ni mò ń bá lára ọkọ̀ tó ń ti ọwọ́ yín jáde, lẹ́yìn gbogbo àlàyé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń bó wáyà tàbí bí a ṣe ń ka mítà. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, kó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní: mọ ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ. Model 3 ti ọdún 2021 ni búùtù oníná bẹ̀rẹ̀ sí í bá wá láti ilé iṣẹ́. Àwọn ti 2017 sí 2020 kò ní in, àwọn gan-an sì ni kít tó wà lọ́jà wà fún. Ohun tó máa ń wà nínú páálí rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì oníná méjì, brainbox kékeré kan tó ń darí wọn, wáyà tó ti ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, súìṣì tí a ó fi sí etí búùtù, àti, nínú àwọn kan, lọ́ọ̀kù tuntun tó máa ń fa búùtù wọlé fúnra rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀kì ni mọ́tọ̀ kékeré wà, pẹ̀lú jíà, ọ̀pá oníṣíkúrù àti sípíríǹgì. Sẹ́ńsọ̀ Hall tún wà níbẹ̀, tó ń ka bí mọ́tọ̀ ṣe ń yí, kí brainbox lè mọ ibi tí búùtù dé. Má fi ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ mìíràn dán an wò nítorí pé ó jọ ọ́. Tẹ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ àtijọ́, kó o wọn àárín bọ́ọ̀lù (orí irin roboto tí ẹnu ṣọ́ọ̀kì ń mú) sí àárín bọ́ọ̀lù. Bí oníná bá gùn ju ti gáàsì lọ nígbà tó na tán, hínjì ni yóò jìyà rẹ̀. Bí kò bá lè ká kúrú tó, búùtù ò ní padé, agbára mọ́tọ̀ yóò sì máa tẹ irin.

Ẹ̀kọ́ kejì: kó o tó yọ bátìrì, sọ gíláàsì gbogbo ilẹ̀kùn kalẹ̀, ṣí búùtù ẹ̀yìn, ṣí ti iwájú, kó o fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn Model 3 kò ní férémù yí gíláàsì ká, gíláàsì ní láti sọ̀ díẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bí iná 12V bá ti lọ, kò lè sọ̀ mọ́, ẹni tó bá sì fi ipá ṣí ilẹ̀kùn lè ba rọ́bà àti gíláàsì jẹ́. Iná náà ló ń ṣí búùtù iwájú, abẹ́ rẹ̀ sì ni bátìrì 12V wà. Pa ọkọ̀ láti ojú sùkírìnì, lẹ́yìn náà kó o yọ nẹ́gẹ́tíìfù.

Wáyà aláwọ̀ ọsàn jẹ́ ti iná ńlá, ó lé ní 300V. Iṣẹ́ yìí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú rẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Ibi tí a ti ń ki ṣájà bọ Model 3 wà lẹ́yìn lápá òsì, wáyà ọsàn sì gba inú bọ́dì níbẹ̀ lọ sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Torí náà apá ọ̀tún ni kó o ti fa wáyà tìrẹ, ibẹ̀ náà ni kó o ti lu ihò bí ihò bá pọn dandan. Sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò jẹ́ ti airbag. Tẹ́sítà onígílóòbù tí gbogbo wa fi kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀, kò tilẹ̀ yẹ kó dé ìdí ọkọ̀ yìí rárá. Mítà ni kó o lò.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Èyí kò le. Fi igi tó lágbára gbé búùtù dúró, kí ẹnì kan tún dì í mú. Yọ apá kan, so apá kan, kó o tó kọjá sí ìkejì. Fi síkúrùdíráfà gbé kílíìpù rẹ̀ díẹ̀, má yọ ọ́ jáde. Bọ́ọ̀lù tó bá kít wá ni kó o lò. Tẹ ẹnu ṣọ́ọ̀kì mọ́ bọ́ọ̀lù títí yóò fi dún, kó o fà á pẹ̀lú agbára láti mọ̀ bóyá ó wọlé tán. Ọ̀pọ̀ yín ń ṣe èyí dáadáa, ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ibi tí iná ti wá. Ibí ni mo fẹ́ jókòó sí.

Model 3 kan wà, ti ọdún 2019, tí wọ́n ṣe búùtù rẹ̀ nílùú yìí. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí, ó padé, oníbàárà yọ̀, ó sanwó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó tẹ súìṣì nílé, búùtù gbéra dé ìdajì, ó dúró. Ó fi ọwọ́ tì í sókè, ó kó ẹrù rẹ̀, ó fi ọwọ́ tì í wálẹ̀. Kò pẹ́ tí búùtù fi bẹ̀rẹ̀ sí í padé láìdé òpin. Lẹ́yìn ìyẹn, iná tó wà nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù mọ́jú, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ò kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Ẹnì kan wá sọ fún un pé bátìrì ńlá ti bàjẹ́, wọ́n sì ti fẹ́ máa tú abẹ́ ọkọ̀ kí ẹlòmíràn tó ní kí wọ́n dúró. Ẹ ronú sí i: àwọn tí kò ní ìbọ̀wọ́ iná ńlá, tí kò ní irinṣẹ́ rẹ̀, fẹ́ tú ohun tó lè pa wọ́n, nítorí búùtù. Bátìrì ńlá kò ṣe nǹkan kan. Wáyà tín-ín-rín kan ló fa gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Wọ́n fa wáyà láti ara bátìrì iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyẹn dára. Nínú Model 3, ọ̀pọ̀ ohun tó ń ṣọ́ iná kì í ṣe fíùsì tí a lè fọwọ́ fà yọ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń ṣọ́ ọ, tó sì ń gé iná nígbà tí ẹrù bá ju èyí tó mọ̀ lọ. Ẹni tó bá já iná láti ara gílóòbù búùtù, kọ̀ǹpútà yóò gé e mọ́ ọn lọ́wọ́. Àmọ́ wáyà tí wọ́n fà jẹ́ 0.75mm², irú èyí tí a fi ń so sípíkà, ó sì gùn tó 5.5m. Nígbà tí mọ́tọ̀ méjèèjì bá ń gbé búùtù, wọ́n lè fa 15A. Ká tiẹ̀ ní kọ́pà gidi ni, wáyà yẹn nìkan yóò jẹ bíi 1.9V. Wọ́n tún de ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó ń dá iná padà sí ara irin ọkọ̀, mọ́ nọ́ọ̀tì tó ní ọ̀dà lára, ìyẹn náà jẹ 1.5V. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3.4V.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ wà lójúfò. Ọkọ̀ oníná kò ní alternator. Ẹ̀rọ DC-DC ló ń sọ iná bátìrì ńlá di kékeré, nígbà tó bá sì ń ṣiṣẹ́, 12V náà máa ń dúró sórí bíi 13.8V. Yọ 3.4V kúrò, 10.4V ló dé ọ̀dọ̀ brainbox, ó sì gbé búùtù. Nílé, lówùúrọ̀, ọkọ̀ ti sùn, DC-DC ti sùn. Bátìrì kékeré nìkan ló kọ́kọ́ gbé ẹrù náà, òun sì wà ní 12.3V. Yọ 3.4V kúrò, 8.9V ló kù. Ọ̀pọ̀ brainbox kít yìí, 9V sí 16V ni wọ́n ń kọ sára wọn. Ó kú lójú ọ̀nà.

Nígbà tó kú, tí oníọkọ̀ sì fi ọwọ́ ti búùtù, sẹ́ńsọ̀ Hall kò rí iná kà, ìṣirò brainbox sì dàrú. Ibi tó rò pé búùtù wà kọ́ ni búùtù wà. Ó ń dá mọ́tọ̀ dúró kí búùtù tó jókòó tán, lọ́ọ̀kù ń mú ní eyín àkọ́kọ́ dípò ìkejì, ọkọ̀ sì gbà pé búùtù ṣì wà ní ṣíṣí. Ọkọ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀ kì í sùn. Ká ní ó ń jẹ 200W péré láìsùn, wákàtí 24 jẹ́ 4.8kWh. Nínú bátìrì 50kWh, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá lójúmọ́, ní ìlú tí iná kì í dúró kí èèyàn tó ki ọkọ̀ rẹ̀ bọ ṣájà.

Oníbàárà yẹn sì ń sọ káàkiri pé rìwáyà Àkúrẹ́ ò mọ ọkọ̀ oníná. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí di ìsinsìnyí, torí pé irọ́ ni. Ohun tí wáyà tín-ín-rín ń ṣe fún sítátà Peugeot 504 náà ló ń ṣe fún ṣọ́ọ̀kì yìí, kò sì sí rìwáyà tó kọ́ṣẹ́ yanjú nílùú yìí tí kò mọ ti sítátà. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ẹ rí sùkírìnì ńlá, ẹ sì rò pé ayé mìíràn ni ẹ wọ̀. Fídíò tí ẹ ń wò lórí fóònù kò sọ fún yín torí pé ẹni tó ṣe é fẹ́ ta kít ni. Ọ̀gá tó ń díye lé iṣẹ́ ní owó tí kò lè ra wáyà gidi náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Bí oníbàárà ò bá lè san owó wáyà tó yẹ, jẹ́ kó máa lo ṣọ́ọ̀kì gáàsì rẹ̀.

Wáyà 4mm² ni kó o fà. Ní 15A, lórí 5.5m, kò ní jẹ ju 0.4V lọ. Kó o tó rà á, fi ọ̀bẹ ha irun rẹ̀ kan: bí inú bá funfun, álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Fíùsì gbọ́dọ̀ wà ní ìdí bátìrì, kó má jìnnà ju 20cm lọ, ní iye tí ìwé kít sọ, kó má sì ju ohun tí wáyà lè gbé. Wáyà ni fíùsì ń dáàbò bò. Lórí ọkọ̀ tí mo ń sọ yìí, fíùsì 30A ni wọ́n fi sórí 0.75mm²: ọjọ́ tí wáyà bá kan irin, wáyà náà lè jó kí fíùsì tó já, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ha ọ̀dà ibi tí ẹ́ẹ̀tì yóò wà títí irin yóò fi hàn, fi tẹ́mínà olóruka dè é, kó o wá kun ún padà kí ìpẹtà má baà mú un. Má ṣe lọ́ wáyà pọ̀ kó o fi téèpù wé e. Ooru wa á yọ́ góòmù téèpù kí ọdún tó yí.

Lẹ́yìn náà, wọ̀n ọ́n. Fi ẹnu mítà kan sí pọ́sítíìfù bátìrì, ìkejì sí ibi tí iná ti wọ brainbox, kí ẹnì kan ṣí búùtù. Bí ó bá ju 0.5V lọ, tún un ṣe. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún apá ẹ́ẹ̀tì, òun kò gbọdọ̀ ju 0.2V lọ. Ti ọkọ̀ tó wà lójúfò nìkan kò tó. Ti ọkọ̀ pa, gbé kọ́kọ́rọ́ àti fóònù oníọkọ̀ jìnnà, fi sílẹ̀ fún ó kéré tán ìdajì wákàtí, kó o padà wá ṣí búùtù lórí oorun. Búùtù tó bá ṣí dé òkè láti ojú oorun ni o ti ṣe tán.

Nígbà tí ọkọ̀ bá sùn, tún wọn iná tí kít ń fà. Fi síkúrùdíráfà tẹ lọ́ọ̀kù búùtù bíi pé ó ti padé, kí ọkọ̀ lè sùn pẹ̀lú búùtù tó ṣí sílẹ̀, ti mítà sójú wáyà pọ́sítíìfù kít. Mílíáḿpì mélòó kan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí o bá rí 200mA, ìyẹn jẹ́ 4.8Ah lójúmọ́ lára bátìrì 45Ah. Rántí ṣí lọ́ọ̀kù padà kó o tó ti búùtù.

Rọ́bà méjì tí búùtù ń gúnlẹ̀ lé ṣe é yí wọlé, ó ṣe é yí jáde. Bí wọ́n bá ga jù, lọ́ọ̀kù ò ní dé eyín kejì. Sọ wọ́n kalẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sún irin lọ́ọ̀kù. Ihò tí wáyà gbà kọjá gbọ́dọ̀ ní rọ́bà, kí o kun etí irin rẹ̀, kí wáyà sì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ ihò, kí òjò máa kán sílẹ̀ dípò kó tẹ̀ lé wáyà wọ brainbox. Òjò Oṣù Keje níbí yóò rí ihò náà bí o kò bá dí i.

Lẹ́yìn tí brainbox bá ti kọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ búùtù tán gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, fi fóòmù tí a ká jọ sí etí búùtù, kó o jẹ́ kó padé lé e. Ó gbọ́dọ̀ dúró, kó sì padà sókè. Ṣe é ní àárín, ní òsì, ní ọ̀tún. Kì í ṣe ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ la fi ń dán an wò.

Lọ́jọ́ tí oníọkọ̀ bá wá gbé ọkọ̀, fi ìdérí kékeré tó wà ní bọ́ńpà iwájú hàn án, níbi tí a ti ń so okùn tí a fi ń fa ọkọ̀. Wáyà méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, pupa àti dúdú. Bí bátìrì 12V bá kú, iná 12V láti ìta tó bá kan wáyà méjèèjì ni yóò ṣí búùtù iwájú, kó lè dé ìdí bátìrì náà. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pẹ̀lú ibi tí fíùsì rẹ wà àti iye rẹ̀.