Ẹsẹ̀ Ìjàpá tó kọ̀ tí kò jáde

Volkswagen Ìjàpá tí bàbá mi rà ní 1979 ni mò ń tún ṣe. Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ni wọ́n ti tò ó; 1975 ni ilé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ tíṣà ní Àgbádárìgì, afẹ́fẹ́ òkun sì ti kọ́kọ́ jẹ irin ọkọ̀ náà dáadáa kó tó di pé wọ́n gbé e wálé sí Abẹ́òkúta. Láti 2011 ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé. Ewé ń já lé e lórí, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì o, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe. Sátidé nìkan ni mo ní.

Sátidé kìíní

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ju kí n tú wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n lè rí bí bíréèkì ṣe rí nínú. Mo rò pé títí aago mẹ́wàá màá ti parí.

Bọ́ọ̀tù mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, sípánà 19 ló ń tú u. Ìjàpá kò dà bíi Toyota tí irin rẹ̀ yọ síta tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀ lórí. Bọ́ọ̀tù gan-an ló ń wọnú dúrọ́ọ̀mù lọ, ìyẹn irin rìbìtì tí bíréèkì wà nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò yẹ kí ohunkóhun tún di wíìlì mú mọ́.

Kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀ ni mo ti dẹ bọ́ọ̀tù, torí tẹ́ ẹ bá ti gbé e sókè tán, ńṣe ni wíìlì á máa bá sípánà yí. Mo fi páìpù gígùn kan bọ ọwọ́ sípánà kó lè gùn sí i. Iwájú méjèèjì jáde wẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn ọ̀tún náà jáde, àmọ́ mo kọ́kọ́ fi òlù rọ́bà bá a wí díẹ̀.

Ẹ̀yìn òsì ló wá di ọ̀rọ̀. Orí bọ́ọ̀tù kan níbẹ̀ ti yó, sípánà ń yọ̀ lórí rẹ̀ bíi pé wọ́n fi ilá pa á. Mo wá sọ́kẹ́ẹ̀tì 18 tó ti gbó, mo fi òlù gbá a wọ orí rẹ̀ tipátipá, ìyẹn ló gbà mí. Bọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lọ́wọ́ mi báyìí, wíìlì ò mira. Mo fà á, mo tì í, mo ta á nípàá. Ẹsẹ̀ mi ló dùn mí. Màámi yọjú láti kíṣíìnì, wọ́n ní, "Ṣé Ìjàpá náà lo ń bá jà?"

Mo wọlé lọ jẹun.

Sátidé kejì

Mo ti ronú sí i láàárín ọ̀sẹ̀. Àárín dúrọ́ọ̀mù ní ètè kékeré kan tó yọ síta, òun ni ihò àárín rííìmù ń wọ̀ lé. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò tó nǹkan. Ìpẹtà sì máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ. Ńṣe ló ń wú. Bó ṣe ń wú lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ló ń kún àlàfo yẹn, títí irin méjì fi di ẹyọ kan. Gbogbo àsìkò tí mo fi ń bínú sí bọ́ọ̀tù, ètè yẹn ni ẹlẹ́ṣẹ̀.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha àárín rẹ̀ títí ìlà tí rííìmù àti dúrọ́ọ̀mù ti pàdé fi hàn. Mo wá po acetone (omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná) àti òróró gíà ọtọmátíìkì, ìdajì sí ìdajì, mo sì ń kán an sójú ìlà náà. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Bíréèkì wà lẹ́yìn ibẹ̀, bí òróró bá kan bàtà bíréèkì, èyí tó ń fún mọ́ dúrọ́ọ̀mù kí ọkọ̀ lè dúró, bàtà náà bàjẹ́ nìyẹn. Acetone tún máa ń gbaná kíákíá, torí náà mo lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń sun àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ sí iwájú ilé. Inú rẹ̀ ò dùn.

Mo kán an láàárọ̀, mo kán an lọ́sàn-án, mo ń fi òlù lu ojú irin rííìmù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ káàkiri kí òróró lè ráyè wọlé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbé igi kan tì í láti ẹ̀yìn, mo sì gbá igi náà. Òfo.

Ọmọkùnrin tó ń jó irin ní ìkóríta wa gbọ́ ariwo, ló bá gbé gáàsì rẹ̀ dé. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n fi iná nà án díẹ̀, á jáde." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó gbé e padà. Irin gbígbóná máa ń tú ìpẹtà lóòótọ́, àmọ́ táyà ṣì wà lára rííìmù yìí. Bí rííìmù bá gbóná, rọ́bà inú lọ́hùn-ún á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, gáàsì á máa jáde lára rẹ̀, táyà sì lè bú gbàù lójú èèyàn. Yíyọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ nìkan ò sọ pé ewu ti tán. Ó wò mí bíi pé ojo ni mí. Mo gbà.

Ọ̀rọ̀ jáàkì náà ò ṣeé fò. Ìjàpá ní ihò tí jáàkì rẹ̀ ń wọ̀ lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo fi ẹnu screwdriver kan tèmi wò, ńṣe ló wọlé bí ìgbà téèyàn ki ìka bọ àkàrà. Ká ní mo gbé e sókè látibẹ̀ ni, ì bá já. Mo wá lo jáàkì onígò lábẹ́ páìpù nínípọn tó dábùú lẹ́yìn ọkọ̀, èyí tí tọ́ṣọ̀n báà, irin tó ń ṣiṣẹ́ sípíríǹgì fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wà nínú rẹ̀, mo sì ki sítáǹdì onírin sábẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù ni gbogbo wa ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé lò ó. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́.

Sátidé kẹta

Bàbá tó máa ń tún ọkọ̀ yìí ṣe fún bàbá mi wá kí Màámi. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n wo wíìlì náà, wọ́n wo òlù lọ́wọ́ mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ní kó o máa lù ú? Ọkọ̀ yẹn wúwo jù ọ́ lọ. Jẹ́ kó fúnra ẹ̀ ṣe é."

"Báwo ni, Bàbá?"

"Dá bọ́ọ̀tù padà. Mú un le, kó o wá dẹ ìkọ̀ọ̀kan ní ìyípo méjì péré. Sọ ọ́ kalẹ̀. Kẹ́ ẹ máa tì í."

Ó túmọ̀ sí pé mo ní láti dá wíìlì mẹ́ta tí mo ti tú padà, kí n sì mú àwọn yẹn le dáadáa. Ó tún túmọ̀ sí pé mo ní láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà tó ti dẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wákàtí kan àtààbọ̀ lọ síbẹ̀. Ohun kan ló ṣe mí láǹfààní: bàbá mi kì í fa háńdì-bíréèkì bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ pẹ́, òkúta ni wọ́n máa ń tì sí i lẹ́sẹ̀. Ká ní wọ́n fà á ni, bàtà bíréèkì ì bá ti lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù látọjọ́ yìí, ọkọ̀ ò sì ní yí rárá.

Èmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilé kejì la jọ tì í. A tì í síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, a fà á sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Bàbá jókòó sórí àga lábẹ́ igi, wọ́n ń fi ọ̀pá júwe. "Ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì báyìí, ẹ má tì í mọ́." A gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú, a ń mì ín bí ẹni ń mi igi ọsàn. Nígbà tó di ìkẹrin, mo gbọ́ "gbàà!" lábẹ́ ọkọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan kán ni. Bàbá ò tiẹ̀ gbé orí sókè. "Ó ti tú."

Mo gbé e sókè, mo tú bọ́ọ̀tù, wíìlì bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ìdérí ìkòkò.

Ìyípo méjì tí wọ́n sọ yẹn, ẹ má kọjá rẹ̀ o, ẹ má sì wakọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde sí títì. Inú ọgbà ni, ọwọ́ ni ká fi tì í.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńdípépà fọ ètè dúrọ́ọ̀mù títí ó fi ń dán, mo ṣe ihò rííìmù bákan náà. Mo fi gíríìsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa ètè náà nìkan. Mi ò kan ojú bọ́ọ̀tù àti ibi tí orí rẹ̀ ń jókòó sí rárá. Gbígbẹ ló yẹ kí ibẹ̀ wà, kí bọ́ọ̀tù má baà máa dẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ra bọ́ọ̀tù tuntun rọ́pò èyí tí orí rẹ̀ yó.

Fọkanáísà bọ́ táyà kúrò, ó ní ká má tún dá a padà mọ́, ó ti sán yíká ẹ̀gbẹ́. Ohun tí mi ò retí wà lẹ́yìn rííìmù, níbi tí oòrùn àti kànìnkànìn ò dé: ọ̀dà funfun, ó ṣì ń dán. Búlúù ni mo mọ ọkọ̀ yìí sí láti kékeré. Mo gbé e lọ han Màámi. Wọ́n fi ọwọ́ pa á, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Funfun ló wà nígbà tó gbé e dé. Èmi ni mo ní kó kùn ún ní búlúù. Mi ò fẹ́ràn búlúù yẹn rí nígbà tó kùn ún tán."

Gálọ́ọ̀nù búlúù méjì tí mo ti rà wà nínú yàrá ẹrù.