Ẹyẹ ọ̀kín nínú bàálù, ajá lẹ́nu ọ̀nà báńkì

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Súrùlérè ní tí òun bá dé Amẹ́ríkà, ológbò òun ló máa jókòó ti òun nínú bàálù, torí òun ló ń tu òun nínú látìgbà tí màmá òun ti kú. Mo ní àǹtí mi, ilẹ̀kùn yẹn ti tì o.

Ẹ ẹ̀ rántí Dexter? Ẹyẹ ọ̀kín tí wọ́n fẹ́ gbé wọ bàálù ilé-iṣẹ́ United ní Newark, l'Amẹ́ríkà, ní January 2018, odidi ọ̀kín pẹ̀lú ìrù gbọọrọ, olówó ẹ̀ ní òun ló ń fi òun lọ́kàn balẹ̀, àwọn yẹn ní lái lái. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé irú nǹkan báyìí ló ń ba tàwọn tó nílò ẹranko lóòótọ́ jẹ́, torí táwọn èèyàn bá ti ń ra lẹ́tà dókítà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ajá wọn lè wọ bàálù lọ́fẹ̀ẹ́, ta ló fẹ́ gba afọ́jú tí ajá ń júwe ọ̀nà fún gbọ́ mọ́? Nígbà tó di January 2021, ìjọba wọn ní nínú bàálù, ajá tí wọ́n kọ́níṣẹ́ fún aláìlera nìkan ló di dandan kí wọ́n gbà, èyí tó kàn ń tuni nínú, wọ́n lè fi ọwọ́ ẹran ilé lásán mú un.

Ti ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ wọn tiẹ̀ tún dáa. Láti 2011, ajá nìkan ni ADA, òfin àwọn aláìlera l'Amẹ́ríkà, kà sí ẹranko tó ń ran aláìlera lọ́wọ́, ó wá fàyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹṣin kúkurú. Ẹṣin o! Àmọ́ ẹ gbọ́ ná, ẹlòmíì wà tí irun ajá máa ń jẹ́ kó sín ṣáá, Mùsùlùmí míì ò sì fẹ́ itọ́ ajá lára, ẹṣin yẹn sì lè lò tó ọgbọ̀n ọdún láyé. Wọn ò gbọdọ̀ bèèrè ìwé lọ́wọ́ yín, wọ́n á kàn bi yín bóyá torí àìlera lẹ ṣe mú un dání, àti iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Ìbéèrè iṣẹ́ yẹn gan-an lèmi fara mọ́.

Torí l'Ékòó níbí, ẹran tí a fẹ́ jẹ ló ní ẹ̀tọ́ jù. Tí Iléyá bá ti kù dẹ̀dẹ̀, ẹ wọ danfo l'Óṣòdì, àgbò á wà lábẹ́ síìtì ẹ̀yìn tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwo ọ̀kan ń gún ìyá kan ní kókósẹ̀, ìyá ní, "Kọ́ńdọ́, ṣé àgbò yìí náà sanwó?" Kọ́ńdọ́ ní, "Màámi, ṣé ó jókòó ni?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí afọ́jú mú ajá tó ń júwe ọ̀nà fún un dé ẹnu ọ̀nà báńkì, sẹkúríìtì á ti na kóńdó sókè, bẹ́ẹ̀ òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya èèyàn sọ́tọ̀ torí àìlera.

Èmi á sún fún ajá yẹn ní danfo Yaba. Ológbò ọ̀rẹ́ mi ní tiẹ̀, kó máa ṣọ́lé.