Ẹ̀kọ́ tí Iṣẹ́ Àgbéyẹ̀wò Fóònù Alábọ́dé Kọ́ Mi: Ẹ Ka Ìran Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Ka Òun Fúnra Rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sínú iṣẹ́ àgbéyẹ̀wò fóònù, n kò fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń ya fídíò tàbí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà, nítorí ẹ ó kọ́ ìyẹn láàárín àkókò díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí a ṣe ń yẹ fóònù alábọ́dé wò, ìyẹn àwọn fóònù tí kì í ṣe èyí tó rọjú jù, tí kì í sì í ṣe èyí tó wọ́n jù nínú ọjà ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi pé irú fóònù bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dá yẹ̀ wò. Èyí tó jáde lọ́dún yìí ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ní ẹ̀gbọ́n, ẹni tó sì ń ronú àtirà á kì í sábà jẹ́ ẹni tó ra ti èṣí. Ẹni tó ti ń lo èyí tó jáde ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn ni, tó fẹ́ mọ̀ bóyá àsìkò ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Bí àgbéyẹ̀wò yín bá sọ fún un pé ti ọdún yìí dára díẹ̀ ju ti èṣí lọ, ẹ kò tíì dá a lóhùn rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan fóònù alábọ́dé ju fóònù olówó gọbọi lọ, ó sì nídìí. Nínú èyí tó wọ́n jù, ilé iṣẹ́ máa ń kó gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe sí i. Nínú alábọ́dé, wíwọ̀n ni wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n: bí wọ́n bá fi nǹkan kún apá kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ nǹkan kúrò ní apá mìíràn kí owó rẹ̀ má bàa gòkè jù. Ohun tí wọ́n fi kún un ni wọ́n máa ń kéde lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi fóònù náà han aráyé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n yọ kì í sí nínú ìkéde náà. Ẹ̀yin ni ẹ gbọ́dọ̀ wá a rí, kí ẹ sì sọ ọ́ síta kedere.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìran Galaxy A50 ti Samsung ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń gbé e jáde, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà fún gbogbo ènìyàn láti kà. Galaxy A52 tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2021 ní ihò íyápíìsì, ó ní àyè fún mẹ́mórì káàdì, ṣájà sì wà nínú páálí rẹ̀. Nígbà tí A53 dé ní oṣù Kẹta ọdún 2022, bátìrì ti kúrò ní 4500 mAh (mAh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà), ó ti di 5000 mAh, ìyẹn sì dùn ún kéde. Ṣùgbọ́n ihò íyápíìsì ti lọ, ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n sì ti tà á, kò sí ṣájà nínú páálí mọ́. A54 ti ọdún 2023 fi gíláàsì rọ́pò ike tó wà ní ẹ̀yìn A53. A55 ti ọdún 2024 fi irin yí ẹ̀gbẹ́ ká. A56 ti ọdún 2025 gbé agbára gbígba iná láti wáàtì 25 lọ sí wáàtì 45, ṣùgbọ́n àyè mẹ́mórì káàdì tí A55 ṣì ní kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó fi A56 wé A55 nìkan yóò sọ̀rọ̀ nípa káàdì àti iná. Ẹni tó ń lo A52, tó fẹ́ bọ́ sórí A56, yóò pàdánù ihò íyápíìsì, ṣájà inú páálí àti káàdì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó sanwó. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ tó tan fóònù tuntun rárá, ẹ ti ya tábìlì kan sórí ìwé tó gbé fóònù mẹ́rin nínú ìran kan náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì kọ́kọ́ sàmì sí ìlà tí ohun kan ti sọnù.

Orúkọ fóònù náà gba ìṣọ́ra. Ní ọdún 2021 yẹn nìkan, orúkọ A52 wà lára fóònù mẹ́ta. A52 tó ń lo 4G ní ọpọlọ inú tó ń jẹ́ Snapdragon 720G, ojú rẹ̀ sì ń tún ara rẹ̀ yà ní ìgbà 90 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. A52 5G ní Snapdragon 750G, tirẹ̀ jẹ́ ìgbà 120. Kí ọdún náà tó parí, A52s 5G dé pẹ̀lú Snapdragon 778G. Ẹni tó bá ka àgbéyẹ̀wò A52s, tó wá lọ ra A52 lásán, ti ra fóònù mìíràn. Ẹ máa kọ orúkọ náà ní kíkún, pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ àti irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lò, nínú àkọlé àti nínú gbólóhùn àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ A52s yìí gan-an ló fi hàn mí pé tuntun kò fi dandan yára ju ti àtijọ́ lọ. Core 8, ìyẹn ẹ̀ka 8 tó ń ṣe ìṣirò nínú ọpọlọ fóònù, ni Snapdragon 778G ní, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ alágbára tí a gbé ka orí irú core tí wọ́n ń pè ní Cortex-A78. Exynos 1280, ọpọlọ tó wà nínú A53, tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, náà ní core 8, ṣùgbọ́n méjì péré ni Cortex-A78 nínú rẹ̀, mẹ́fà yòókù sì jẹ́ Cortex-A55, tí wọ́n ṣe láti máa tọ́jú iná. Ẹni tó bá fi A52s sílẹ̀ nítorí eré orí fóònù, tó bọ́ sórí A53, ń padà sẹ́yìn ni. Nígbà tí Exynos 1380 dé nínú A54, Cortex-A78 di mẹ́rin. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn níbẹ̀ ni pé lórí ìwé, Exynos 1280 àti 1380 jọ ń sáré ní 2.4 GHz àti 2.0 GHz (GHz ni ìwọ̀n ìyára core), core 8 ni àwọn méjèèjì ní, wọ́n sì jọ wà ní ìwọ̀n nánómítà 5, tí wọ́n fi ń sọ bí ohun inú ọpọlọ ṣe kéré tó. Ẹni tó bá ka GHz àti iye core nìkan yóò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ẹ béèrè irú core tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè mélòó ni ti alágbára.

Kámẹ́rà ni ibi tí nọ́ńbà ti ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà jù. A53 ní kámẹ́rà àkọ́kọ́ tó jẹ́ megapixel 64, ìyẹn mílíọ̀nù 64 ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀. A54 tó tẹ̀ lé e ní 50. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé wọ́n ti dín in kù. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ọ̀kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ A53 fẹ̀ tó máíkírómítà 0.8, nígbà tí ti A54 fẹ̀ tó 1.0. Bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ yẹn ṣírò ìfẹ̀ gbogbo ojú náà, ẹ ó rí i pé ojú kan lórí ti A54 fẹ̀ ju ojú kan lórí ti A53 lọ ní ìlọ́po kan àtààbọ̀ àti díẹ̀ sí i, nítorí náà ó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí i nínú òkùnkùn. Àwọn méjèèjì sì máa ń da ojú mẹ́rin pọ̀ sí ọ̀kan nígbà tí a bá ń ya fọ́tò lásán, tí fọ́tò A53 fi ń jáde ní megapixel 16, ti A54 sì ń jáde ní bí i 12. Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù méjì wéra, ẹ ya ohun kan náà, láti ibi kan náà, ní àkókò kan náà, kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ètò kámẹ́rà, kí ẹ sì ya á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ọwọ́ tó gbọ̀n díẹ̀ lè ba ẹjọ́ fóònù tó dára jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn tó ń rìn wà nínú díẹ̀ lára fọ́tò náà. Ilé àti igi kì í mira, nítorí náà wọn kì í tú àṣírí kámẹ́rà tó lọ́ra.

Ní ti bátìrì, 5000 mAh ni A53, A54, A55 àti A56 jọ ní, síbẹ̀ wọn kò ní pẹ́ bákan náà, nítorí ọpọlọ inú wọn, ojú wọn àti ètò tó wà lórí wọn ló ń jẹ iná náà. Ìdánwò tó bá fẹ́ ṣe déédéé kò gbọdọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù sí ìdajì lórí àwọn méjèèjì, torí ìdajì ìmọ́lẹ̀ fóònù kan lè tàn ju ti èkejì lọ. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ wọ̀n ọ́n ní nits, ìyẹn ìwọ̀n bí ojú fóònù ṣe ń tàn tó, títí tí àwọn méjèèjì yóò fi dọ́gba, ẹ so wọ́n mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí.

Gbígba iná náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bátìrì 5000 mAh ń gba nǹkan bí i wáàtì-wákàtí 19. Bí wáàtì 25 bá ń wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yẹ kó tó ìṣẹ́jú 50 kó tó kún. Ṣùgbọ́n fóònù tó ń gba wáàtì 25 nínú ìran yìí máa ń lò ju wákàtí kan lọ, nítorí bátìrì lithium kì í gba iná ní agbára kan náà títí: bó ṣe ń súnmọ́ àtikún ni fóònù ń dín iná tó ń wọlé kù, bí ẹni tó ń rọ epo sínú ìgò ṣe máa ń rọra dà á nígbà tó bá dé ọrùn. Nọ́ńbà tó wà lórí páálí jẹ́ òkè téńté tó lè dé, kì í ṣe ibi tó ń dúró sí. Ẹ kọ iye ìdá ọgọ́rùn-ún tó wọlé ní ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì kọ àkókò tó lò kó tó kún pátápátá, nítorí ìlò méjèèjì yàtọ̀ sí ara wọn.

Ìdánwò agbára tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan péré kò tó. Ooru ni ọ̀tá fóònù alábọ́dé, torí àyè àti ohun èlò tí wọ́n fi ń tú ooru ká kì í pọ̀ nínú rẹ̀. Wild Life Stress Test ti 3DMark, ètò tó ń dán agbára fóònù wò, máa ń tún ìdánwò ìṣẹ́jú kan ṣe ní ìgbà 20, ohun tó sì yẹ kí ẹ gbé jáde ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù. Ẹni tó ń ṣeré lórí fóònù kì í fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Bákan náà, bí wọ́n bá kọ ọ́ pé fóònù ní RAM (ibi tí fóònù ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 8 GB tó lè di 16, ẹ ṣàlàyé pé ibi ìpamọ́ fáìlì ni wọ́n yá 8 kejì láti inú rẹ̀, kò sì lè yára bí RAM gidi. Ẹ má ṣe kọ 16 sínú tábìlì yín.

IP67, àmì tó ń sọ bí fóònù ṣe lè dènà eruku àti omi tó, tó wà lára A52 àti àwọn tó tẹ̀ lé e, ní ìtumọ̀ tó dájú: 6 dúró fún eruku, 7 dúró fún omi tó jìn tó mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. Omi tí kò ní iyọ̀ ni wọ́n fi dán an wò, fóònù tuntun sì ni. Kò sọ ohunkóhun nípa omi òkun tàbí fóònù tó ti jábọ́ rí.

Ohun tó ti yí padà jù nínú ìran yìí, tí mo sì gbà pé ó yẹ kó gba àyè tó pọ̀ ju kámẹ́rà lọ nínú àgbéyẹ̀wò yín, ni ìmúdójúìwọ̀n, ìyẹn ètò tuntun àti àtúnṣe ààbò tí ilé iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí fóònù lẹ́yìn tó bá ti jáde. Nígbà tí A52 jáde pẹ̀lú Android 11, ìran Android mẹ́ta ni wọ́n ṣèlérí fún un. A53 gba ìlérí ìran mẹ́rin àti ọdún 5 fún ààbò. A56 tó jáde pẹ̀lú Android 15 gba ìlérí ìran mẹ́fà àti ọdún 6 fún ààbò. Ọjọ́ tí fóònù jáde ni wọ́n ti ń ka ọdún wọ̀nyí, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹni kan rà á. Nítorí náà, ẹni tó ra A53 lẹ́yìn ọdún méjì tó ti jáde ní ọdún 3 ààbò péré níwájú. Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún òǹkàwé, kí ẹ kọ ọdún náà gan-an tí yóò parí, torí ẹni tó ń fi fóònù ṣe iṣẹ́ báńkì nílò rẹ̀ ju kó mọ̀ bí ojú fóònù náà ṣe ń tàn tó.

Láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2025, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti béèrè pé kí bátìrì fóònù tuntun tí wọ́n ń gbé wọ ọjà níbẹ̀ ṣì ní ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti kún, tó sì ti tán ní ìgbà 800, kí àmì tó ń sọ nípa bátìrì, ìjábọ́ àti àtúnṣe sì wà fún fóònù náà. Ẹ máa ka àmì yẹn níbikíbi tí ẹ bá wà, torí ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọn gbogbo ilé iṣẹ́.

Ní ìkẹyìn, ẹ sọ ibi tí fóònù tí ẹ yẹ̀ wò ti wá. Bí ilé iṣẹ́ ló yá yín, ẹ kọ ọ́. Bí ètò orí rẹ̀ kì í bá ṣe èyí tí oníbàárà yóò rí, ẹ kọ nọ́ńbà ètò náà sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí fáìlì bá ti kún inú rẹ̀, tí ìmúdójúìwọ̀n ńlá kan bá sì ti wọlé, ẹ tún ìdánwò bátìrì, kámẹ́rà àti ooru ṣe ní ọ̀nà kan náà gan-an. Bí èsì rẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kọ lọ́jọ́ kìíní, ẹ fi àtúnṣe náà sí òkè àgbéyẹ̀wò àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú déètì, kì í ṣe sínú àpilẹ̀kọ tuntun tí ẹni tó ń ka ti àtijọ́ kò ní rí.