Ọdún ń lọ o: bí kíláàsì òfin àgbáyé mi ṣe rí lọ́dún yìí

Ọdún ti ń parí lọ, ẹ jẹ́ n ṣírò tèmi náà. Nínú gbogbo nǹkan tuntun tí mo gbìyànjú ẹ̀ ní kíláàsì, èyí tó rọrùn jù ló ṣiṣẹ́ jù: mo kàn gbé ìdájọ́ pamọ́ fáwọn ọmọ ni.

Ẹ wo kéèsì Van Gend en Loos ti 1963. Tẹ́lẹ̀, màá kàn gbé e sórí slide pé kọ́ọ̀tù Yúróòpù tó wà ní Luxembourg ní aráàlú lásán lè di àdéhùn táwọn ìjọba bá ara wọn ṣe mú ní kọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè ẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán. Lọ́dún yìí mi ò sọ bó ṣe parí. Mo ní ilé-iṣẹ́ kan ní Netherlands kó kẹ́míkà wọlé láti Jámánì, owó ibodè ti kúrò ní 3% ó ti di 8%, ilé-iṣẹ́ náà ní àdéhùn ọrọ̀ ajé táwọn ìjọba Yúróòpù jọ ṣe ní 1957 ò fàyè gba irú ẹ̀, ó yá, ẹ̀yin ladájọ́. Háà! Ọ̀pọ̀ wọn ní ilé-iṣẹ́ yẹn máa fìdí rẹmi, pé kí ló kan oníṣòwò nínú ọ̀rọ̀ ìjọba sí ìjọba. Ìgbà tí mo wá fi hàn wọ́n pé Roemer tó ń gba kọ́ọ̀tù nímọ̀ràn gan-an rò bíi tiwọn, tí ìjọba mẹ́ta sì ta ko ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń sọ, síbẹ̀ táwọn adájọ́ gbà pé aráàlú lẹ́tọ̀ọ́, ariwo ta. Kí n tó dé orí Costa v ENEL ti 1964, kéèsì tó dáhùn ìbéèrè tó kàn, làwọn fúnra wọn ti ń bi mí pé tí òfin ilé bá wá ta ko àdéhùn ńkọ́, èwo ló lékè?

A tún ṣe eré ìdúnàádúrà lórí odò kan tí orílẹ̀-èdè mẹ́ta jọ ń lò. Ẹgbẹ́ kan buwọ́ lùwé tán, wọ́n ní àmọ́ àwọn ò gba article 4 wọlé o, làwọn yòókù bá fárígá, gbogbo wọn bá sáré tú àdéhùn Vienna ti 1969 wò, èyí tó sọ bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń bára wọn ṣàdéhùn, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi ko ara wọn lójú. Mi ò tíì kọ́ wọn níbẹ̀ rárá!

Wíwo ìgbẹ́jọ́ kọ́ọ̀tù àgbáyé tó wà ní The Hague lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èèyàn ń yìn yẹn, àbọ̀ ni mo fún un. Tó bá ti pẹ́ jù, oorun ló kù. Ibi kúkúrú kan pẹ̀lú ìbéèrè kan tó mú ṣinṣin sàn jù.

Ìdánwò ṣì wà bó ṣe wà, àkọ́sórí là ń fún ní máàkì, ó ń bí mi nínú. Lọ́dún tó ń bọ̀ mo fẹ́ ṣe é bíi ti Jessup, ìdíje ẹjọ́ àfiṣeré táwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin máa ń ṣe, kí ẹgbẹ́ kan náà gbèjà olùpẹ̀jọ́, kí wọ́n tún yí padà gbèjà olùjẹ́jọ́. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń pín máàkì ẹ̀?