Mítà, fílítà pupa àti ọyẹ́ ní Zuma

Láàárọ̀ yìí lẹ́bàá ọ̀nà Madalla, tí Àpáta Zuma dúró gbagidi níwájú wa, ẹ̀gbọ́n kan de fílítà pupa No. 25 mọ́ lẹ́ńsì, ó wo mítà inú kámẹ́rà, ìyẹn ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ó fẹ́ ya fọ́tò. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ fílítà ná."

Ojú tí mítà fi ń wo àwọ̀ pupa kọ́ ni fíìmù fi ń wò ó. Ẹ ka ìmọ́lẹ̀ láìsí fílítà, kí ẹ wá fi sítọ́ọ̀pù 3 kún un (sítọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì). Fíìmù dúdú-àti-funfun ISO 400 la lò (ISO ni bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí). Mítà ní 1/500 ìṣẹ́jú àáyá, f/11 (f ni bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; nọ́ńbà tó kéré ló ṣí jù). A ṣí i dé f/4. Fílítà yẹ́lò No. 8 ì bá gba sítọ́ọ̀pù 1 péré.

Bí mítà bá ń mú yín fura, ẹ dúró dìgbà tí oòrùn bá mọ́ kedere, tí òjìji mú ṣáṣá: ISO 400 gbọ́dọ̀ sún mọ́ 1/500, f/16. Àwọn kámẹ́rà àtijọ́ tó ń lo bátìrì mẹ́kúrì 1.35V ló máa ń dàlú rú jù. Bí ẹ bá ki 1.5V bọ̀ ọ́, mítà ọ̀pọ̀ wọn á sọ pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, ìmọ́lẹ̀ tó dé ara fíìmù á kéré jù, fíìmù á sì jáde ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ká sòótọ́, fílítà pupa kò rí nǹkan kan ṣe sí ọyẹ́ yìí. Ojú ọ̀run búlúù ló ń sọ di dúdú, ti wa sì funfun báláú. Eruku ọyẹ́ tóbi. Gbogbo àwọ̀ ló ń fọ́n ká bákan náà. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ ojú ọ̀run ná.