Ojúgun ni mo fi kọ́ ọ: ọ̀rọ̀ lórí tìmùtìmù irin ìgungi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ igi gígé ní Àkúrẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ igbó ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́, tí ẹ máa ń wá bá wa ṣiṣẹ́ nígbà ọlidé, ọ̀rọ̀ ojúgun ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ìrẹ́gi, okùn àti akoto ni ojú yín ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi náà rí nígbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́. Gbogbo owó tí mo tù jọ ni mo fi ra irin ẹsẹ̀ tòkúnbọ̀, irin aṣóńṣó tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi gun igi. Mo yẹ ẹnu aṣóńṣó rẹ̀ wò, mo yẹ ìdè rẹ̀ wò, àmọ́ mi ò wo tìmùtìmù tó wà lókè rẹ̀, láàárín irin àti ojúgun, rárá. Awọ pẹlẹbẹ ni, ó sì ti gan bí pákó.

Igi mẹ̀línà kan lẹ́yìn ilé kan ní Alágbàká ló là mí lóye. Ẹ̀ka rẹ̀ ti bo òrùlé, a kò lè wó o lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àfi ká máa gé e wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè. Bíi wákàtí mẹ́ta ni mo lò lórí rẹ̀. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí irin ti ń gún mi lójúgun lápá inú. Mo rò pé bí mo bá fa bẹ́líìtì òkè tó de irin mọ́ ẹsẹ̀ le, irin ò ní mì mọ́. Mo fà á títí, ìrora náà sì rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ló ń kú lọ. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò lè gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sókè. Bí mo ṣe ń rìn ni iwájú ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó sílé.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò fi ìka tẹ ìta ẹsẹ̀ mi, níbi kókó eegun tó wà nísàlẹ̀ orúnkún. Ó ní iṣan kan gba ibẹ̀ kọjá, iṣan tó ń jẹ́ ká lè gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè, kò sì sí ẹran tó bò ó dáadáa. Ohunkóhun tó bá fún un pa fún ìgbà pípẹ́ lè sọ ọ́ di òkú iṣan fún ìgbà díẹ̀, tàbí kó bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ fọwọ́ kan ibẹ̀ lára yín báyìí, kí ẹ mọ̀ ọ́n. Bẹ́líìtì ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ lé e lórí láéláé.

Mo wá jókòó ti irin yẹn, mo ń wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Apá inú ẹsẹ̀ ni aṣóńṣó rẹ̀ wà, ọ̀pá rẹ̀ sì ba inú ojúgun gòkè dé abẹ́ orúnkún. Bí a bá gún un mọ́ igi tí a dúró lé e, abẹ́ bàtà ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo wa, ṣùgbọ́n orí ọ̀pá náà ń ti ojúgun, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́ lórí eegun. Iṣẹ́ tìmùtìmù ni pé kó pín agbára yẹn ká ibi tó fẹ̀. Èyí tí kò bá lè pín in, ẹni tó wà lórí igi ni yóò máa fa bẹ́líìtì le láti fi dí i, bí mo ti ṣe.

Mo tún ṣìṣe lẹ́yìn ìyẹn. Mo gbé irin náà lọ fún oníṣẹ́ àga kan ní Arákalẹ̀, mo ní kó bá mi rán fóòmù bẹ́ẹ̀dì sí i. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó rọ̀ bí ìrọ̀rí, inú mi dùn. Lórí igi, kò pẹ́ tó fi fún pọ̀ pátápátá, irin sì tún bá eegun. Èyí tó bá rọ̀ jù lọ́wọ́, ẹ sá fún un. Fóòmù tó dára máa ń le díẹ̀ bíi ti sílípáàsì: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kó wọlé díẹ̀, kó sì dìde padà kíá. Bó bá jẹ́ ti àlòkù tí ojú ìka yín dúró síbẹ̀, ó ti kú nìyẹn.

Èyí tí mo ń lò báyìí fẹ̀, ó tẹ̀ bí ojúgun ṣe tẹ̀, pákó líle kan wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn fóòmù tí kò jẹ́ kí ọ̀pá irin yọ sí ara. Ó yí ẹsẹ̀ ká débi pé ẹran ẹ̀yìn ojúgun náà ń bá a gbé nínú ẹrù. Ìdè rẹ̀ jẹ́ alẹ̀mọ́ra tó ń dún fàà, ó fẹ̀ ju bẹ́líìtì awọ lọ, kì í sì í gé ara. Ó máa ń mú ooru, mi ò ní purọ́ fún yín. Awọ pẹlẹbẹ lásán lè ṣe fún ẹni tó fẹ́ gun òpó iná kó sì tètè sọ̀ kalẹ̀. Fún iṣẹ́ wa, kò tó.

Tìmùtìmù tó dára jù lọ kò sì wúlò bí ọ̀pá kò bá bá ẹsẹ̀ yín mu. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ní bí ìka méjì sísàlẹ̀ eegun orúnkún lápá inú. Bó bá ga jù, yóò máa gún orúnkún bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bó bá kúrú jù, agbára rẹ̀ yóò kórajọ sí àárín ojúgun. Ẹ wọ bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ le, tó ní gìgísẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn àwọn agbábọ́ọ̀lù, nítorí ojú rírán sòkòtò tó bá ká sábẹ́ tìmùtìmù máa ń dá egbò bí okùn.

Ní ìgbà òjò, ẹ má fi í sínú àpò pẹ̀lú òógùn. Ẹ nù ún, ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn wà, má ṣe jẹ́ kí awọ gba oòrùn gbígbóná tàbí iná, yóò sán. Ẹ máa tú u wò pé orí bóòtù irin kankan ò yọ jáde nínú rẹ̀.

Igi tí a óò gé kúrò nìkan ni irin ẹsẹ̀ wà fún o. Igi máńgòrò tí oníbàárà fẹ́ ká rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan, okùn la fi ń gùn ún, torí ojú egbò kọ̀ọ̀kan tí aṣóńṣó bá dá sí i lára jẹ́ ọ̀nà tí jíjẹrà lè gbà wọlé.

Ìtì igi tíìkì kan wà ní àgbàlá mi, mo rì í mọ́lẹ̀ ní òró. Ọmọ iṣẹ́ tuntun kankan ò bá mi jáde kó tó dúró lára rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tòun ti bẹ́líìtì àti irinṣẹ́ rẹ̀ gbogbo, ní ìwọ̀n gíga àga méjì péré. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, màá ní kó ká sòkòtò sókè. Bí mo bá rí ojú kan tó pọ́n ju ìyókù lọ, a ó tú ìdè náà, a ó tún un dè, yóò sì padà gòkè.