Ilà Ara Ilẹ̀kùn Kábínẹ́ẹ̀tì: Ibi Tí Ọwọ́ Mi Ti Yẹ̀

Iye tí káfíńtà pè fún mi ló sọ èmi náà di káfíńtà. Ẹ má bi mí pé èló ni. Mo lọ sí Bódìjà, n'Ìbàdàn, mo ra MDF (pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8 sí 4, tó nípọn mìlímítà 18, wọ́n sì bá mi gé e sí ilẹ̀kùn mẹ́jọ. Ìyàwó mi ní ilẹ̀kùn pẹrẹsẹ kò wu òun, ilà mẹ́ta lóòró ni kí n gbẹ́ sára ìkọ̀ọ̀kan. Mo ní ìyẹn ò le.

Mo yá ráòtà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ilà sára pákó, mo ra bítì onímú V, ìyẹn irin tó ń yí lẹ́nu rẹ̀ tó ń gé pákó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wa, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní "I better pass my neighbour", ò lè gbé e. Bí bítì bá ti kan pákó, ohùn ẹ̀rọ á rọ̀, pákó á máa jó dípò kó gé. Mo dúró de iná ìjọba.

Lára ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, mo fi kíláàǹpù de pákó kan tó gún mọ́ ọn, kí ráòtà lè máa gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ. Kò tíì dé ìdajì tí ẹ̀rọ fi yà kúrò lára pákó náà, ó gba òsì lọ. Kí n tó pa á, ilà ti lọ́ bí ejò.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí. Tí ẹ bá wo ráòtà látòkè, bítì ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń tì í lọ síwájú, òsì ló máa ń fà sí. Èmi wá fi pákó atọ́nà sí ọ̀tún! Kí ló fẹ́ dá a dúró? Òsì ni kó wà, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa fara mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé atọ́nà wà lọ́dọ̀ ìkùn yín, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ sí òsì.

Ìjìnlẹ̀ ilà tún ní tiẹ̀. Bítì V tí igun ẹnu rẹ̀ jẹ́ dígírí 90, tó bá wọlé ní mìlímítà 3, ilà á fẹ̀ tó 6. Ẹ ṣì í ní mìlímítà kan péré, ìyàtọ̀ 2 ló máa hàn lójú, ojú kì í sì í gbójú fò ó. Lẹ́búlẹ́bú tó kó sábẹ́ ráòtà ló ń gbé tèmi sókè, tí ilà fi ń tín-ín-rín láàárín. Mo wá ń gbá ojú pákó kí n tó gbé ẹ̀rọ lé e, mo sì ń gé e lẹ́ẹ̀mejì, 2 ná, kó tó di 3.

Téèpù ni mo kọ́kọ́ ń fi wọn ibi tí ilà máa wà, ilà ilẹ̀kùn kan ò bá ti èkejì mu. Mo gé àjákù pákó méjì, mo ń fi wọ́n sáàárín etí ilẹ̀kùn àti atọ́nà. Mi ò fọwọ́ kan téèpù mọ́.

Ẹ fi ìbòmú bo imú. Èmi ò lò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ méjì ni mo fi ń sín.

Kí ẹ tó kun ọ̀dà, ẹ fọwọ́ kan inú ilà: ó máa rí bí awọ ewúrẹ́ tí wọn ò fá dáadáa. Bí ọ̀dà bá kan ibẹ̀, ṣe ló máa mu ún gbẹ. Mo fi omi la gọ́ọ̀mù funfun, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún sínú ilà, nígbà tó gbẹ, mo ká sáńpépà 240 bí ìwé, mo fi etí rẹ̀ ha á.

Ilẹ̀kùn tó bàjẹ́ yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé. Òun ni mo fi ń dán bítì wò báyìí. Ó ti ní ilà mọ́kànlá, mo fi pẹ́ńsùlù kọ ìjìnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, àfi èyí tó lọ́ bí ejò yẹn nìkan.